Ìka Méjì Lórí Máàpù

                                        Ilé Olùkọ́ Àgbà,
                                        Ilé-ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Orí Òkè.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti jẹ́ kó máa wọ abẹ́ ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Máṣíìnì ìránṣọ rẹ tó ń jágbe mọ́ aládùúgbò ńkọ́? Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi débi pé bí mo bá fẹnu kan omi tútù, á hó.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni. Ìwọ náà mọ bí ẹkùn wa yìí ṣe rí. Lọ́dọ̀ yín nísàlẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú, ibẹ̀ ni ọ̀nà ọlọ́dà wà, ibẹ̀ ni iná wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n kó gbogbo ilé-ìwé girama jọ sí bí ẹni kó ewúrẹ́ sínú ọgbà. Odò wá là á láàárín, òkè sì gba gbogbo ìhà tiwa. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó bá ka kíláàsì kẹfà tán, bí kò bá sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ìwé rẹ̀ parí nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbé ìdánwò àtiwọ girama wá bá wa. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí àwa kó ọmọ wá bá ìdánwò.

Mo lọ bá wọn. Ọ̀gá tó ń pín ibùdó ìdánwò, Rúlà ni àwa olùkọ́ ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í fi rúlà wọ̀n, títí kan àlàfo tó wà láàárín tábìlì rẹ̀ àti àga àlejò. Máàpù ẹkùn wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ìka lé ilé-ìwé mi, ó gbé òmíràn lé gbọ̀ngàn ìdánwò.

“Màmá, ẹ wò ó, kò ju ìka méjì lọ.”

Mo ní, “Ọ̀gá, abẹ́ ìka méjì yẹn ni òkè àti odò wà.”

Ó ní odò kì í ṣe ìṣòro, pé afárá wà níbẹ̀. Mo ní omi ti gbé afárá lọ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún yíjú sí máàpù, ó wò ó dáadáa, ó ní, “Ó wà níbí, Màmá.”

Ẹni tó bá sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Mo kí i, mo jáde.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà gbéra kí oòrùn tó yọ, a gba ẹ̀yìn òkè yí po lọ síbi tí odò ti fẹ̀ tí kò sì jìn. A di ara wa lọ́wọ́ mú, àwọn ọmọ gbé bàtà àti bíró lérí. Bàtà mi ọ̀tún bá omi lọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. N kò bá wọn wí, torí ẹ̀rín yẹn ló gbé ẹsẹ̀ wọn dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí a máa fi dé gbọ̀ngàn, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò yọjú lójú fèrèsé, ó ní ẹni tó pẹ́ ti pẹ́. Mo ní kò burú. Mo kó àwọn ọmọ jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn gan-an, èmi náà jókòó tì wọ́n, mo na ẹsẹ̀ tó wọ bàtà àti èyí tí kò wọ̀ síwájú. Ẹni tó bá máa jáde, orí wa ló máa gbà. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Rúlà.

Ó dé, ó wo aṣọ àwọn ọmọ tó rin gbingbin, ó bi mí pé báwo la ṣe dé. Mo ní inú odò la gbà.

“Afárá ńkọ́?”

Kò tíì rẹ̀ ẹ́. Kí n tó lanu, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé wa dìde, ọmọbìnrin tí n kì í gbóhùn rẹ̀ ní kíláàsì àfi tí mo bá pè é.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, afárá ti lọ. Bàbá mi wà lára àwọn tó kàn án. Ẹ jẹ́ ká wọlé ká tó gbàgbé ohun tí a kà.”

Rúlà yíjú sí fèrèsé. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn tó ti wà nínú jáde, àwọn tiwa wọlé, wọ́n fi aṣọ tútù kọ ọ́ tán. N kò gbọ́ kó ní ká má bínú o.

Èsì jáde, púpọ̀ wọn yege, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà yìí ló sì ṣíwájú. Mo jó nínú ilé, èmi nìkan. Ijó ò tíì tán lẹ́sẹ̀ mi tí wọ́n fi ní girama tí wọ́n fún un kò ní ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, kó máa ti ilé wá lójoojúmọ́. Mo bi wọ́n nípa ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. O lè ro ẹni tó máa wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ yòókù ní ẹbí nísàlẹ̀. Òun nìkan ni kò ní ẹnì kankan.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

“Ìyá olùkọ́, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fi í lé odò lọ́wọ́ láràárọ̀ ni?”

Gbogbo ìbínú tí mo kó lọ, n kò rí ibi tí màá sọ ọ́ sí. Mo jókòó lórí pákó, mo ń wo èérún igi tó ń bọ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó bi mí bóyá mo mọ ẹnì kan nísàlẹ̀ tó lè gbà á sílé, tí mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rántí pé n kò tíì bi ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò fẹ́ fi ipá gbé ẹrù lé ọ lórí. Mo mọ bí yàrá yín ṣe fún. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í ṣe aláriwo, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Bá mi kí baálé rẹ, kí àwọn ọmọ, kí ìyá ọkọ rẹ tó máa ń sọ pé ohùn mi tóbi ju ara mi lọ.

N kò fi ìwé yìí ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, ọjọ́ ìwọlé ti sún mọ́ jù. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló mú un wá, bàbá rẹ̀ ló sì sìn ín. Ọ̀nà ẹ̀yìn òkè ni wọ́n gbà. Jọ̀ọ́, fún wọn ní àga, kí o fún wọn lómi mu, kí o tó ronú.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn,
Abẹnugan.