Gọ́tà Tí N Kò Lè Gbẹ́

Pandelis àbúrò mi,

Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ní Melbourne lọ́hùn-ún? Ólífì so dáadáa lọ́dún yìí. Orúnkún mi nìkan ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

O ní kí ló dé tí n kò tíì tún gọ́tà ilé ìdáná ṣe. Mo gbẹ́ ẹ. Kò tíì jìn rárá tí mo fi kan òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tí wọ́n fi ṣe àwòrán ẹja. Ilẹ̀ ilé àwọn ará àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ Stamatis aládùúgbò wa ló gba abẹ́ ògiri kọjá sọ́dọ̀ mi. O ṣáà rántí pé èmi ni mo lọ sọ fún ìjọba nígbà tí wọ́n kàn án lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ariwo àwọn òṣìṣẹ́ Stamatis ń bí mi nínú. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ tàbí kọ́lé níbi tí irú nǹkan àtijọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, ni wọ́n bá dá ilé tó ń kọ́ fún ọmọ rẹ̀ dúró títí dòní.

Mo ti bò ó. Garawa ni mo fi ń gbé omi ìdọ̀tí jáde. Má rán bíríkìlà wá o!

Láàárọ̀ yìí ni Stamatis yọrí lórí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá Fotini, ṣé kí n wá bá yín gbẹ́ gọ́tà yẹn? Ọkọ́ mi wà nílé. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mi ò lò ó."

Kí Màríà Mímọ́ máa ṣọ́ yín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó má jẹ́ kí Stamatis ṣe mí bí mo ṣe ṣe é.

Evanthia, ẹ̀gbọ́n rẹ