Ìyá Oníkáàdì, Tí Kì Í Da Ìgékù Ìwé Nù

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn yìí, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1941 ni a bí ìyá tí a ń sin lónìí, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Télọ̀ ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, àwọn sì ni ọmọ kẹrin nínú márùn-ún. Yàrá méjì ni gbogbo ìdílé náà ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì gba èyí tó dára jù. Bàbá télọ̀ kì í da àjákù aṣọ nù. Wọ́n máa ń ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìyá wa gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe rò lọ.

Wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wọ́n sì jáde ní 1954. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn gún débi pé àwọn ni olùkọ́ ń gbé rẹ́jísítà fún kí wọ́n bá òun kọ orúkọ gbogbo kíláàsì. Wọn ò rí girama lọ. Ojú bàbá wọn ti ń bàjẹ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe ojú fún bàbá wọn, a ò sì gbọ́ kí wọ́n ráhùn nípa rẹ̀ rí.

Ní 1962, wọ́n gba iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan, níbi tí wọ́n ti ń ka iye ìwé tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì ń tò ó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé bàbá wa, ẹni tí ń darí ẹ̀rọ ńlá tó ń gé etí ìwé. Bàbá wa ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ fún obìnrin rárá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni kí wọ́n ṣa ìgékù tó láwọ̀, kí wọ́n dì í, kí wọ́n gbé e sórí tábìlì ìyá wa láràárọ̀, kí wọ́n sì sá lọ. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Ìyá wa ní àwọn kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ káwọn bá wọn dà á nù ni. Ìgbéyàwó wáyé ní 1965, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1969 ni káàdì bẹ̀rẹ̀. Ìyá agbálẹ̀ ilé iṣẹ́ náà fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, kò sì sẹ́ni tó ṣètò ohunkóhun. Ìyá wa mú ìgékù èèpo ìwé aláwọ̀ búlúù, wọ́n gé òdòdó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n sì gbé e yí gbogbo òṣìṣẹ́ ká, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá pátápátá títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ìyá agbálẹ̀ ṣí i, wọ́n kígbe: “Háà! Ìwé tí mo ti ń gbá dànù látọjọ́ yìí náà nìyí?” Wọ́n jókòó sílẹ̀ gbì, wọ́n sì sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Ìyá Oníkáàdì ti mọ́ ìyá wa lára.

Ọ̀pọ̀ yín ló ti jókòó rí lórí àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn. Ẹ rántí àwọn agolo mílíìkì tí wọ́n fi ń ya ìgékù sọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, àti ti bàbá wa tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, páálí oògùn, èèpo bísíkíìtì, kò sí èyí tí wọn kì í lò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n á wí, ahọ́n wọn á sì yọ síta díẹ̀ bí sísọ́ọ̀sì bá dé ibi tó ṣòro.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Wọ́n á bá ọ ṣe káàdì, ṣùgbọ́n wọn ò ní bá ọ wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Wẹ́dà kan tó bá ìyàwó rẹ̀ jà wá bẹ̀ wọ́n: “Màmá, ẹ ṣáà bá mi kọ nǹkan tó bá ti dùn.” Ìyá wa dáhùn pé, “Ẹnu mi kọ́ ló bú u.” Wákàtí méjì gbáko ni arákùnrin yìí fi jókòó, òógùn bò ó ju ìgbà tó ń jó irin lọ, gbólóhùn kan péré ló sì rí kọ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Tọkọtaya náà wà láàárín wa lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀yìn wò.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1996. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn kì í pẹ́ dé ilé ìsìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fi àtàǹpàkò wo bí ìwé ètò ìsìn ṣe nípọn tó. Kò sí aláìsàn nínú ìjọ tí kò gba káàdì wọn. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn àdúgbò, ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gígé àti lílẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú.

Ẹbí ti fẹnu kò pé a ó kọ apá tó kàn yìí, àkọ́bí fúnra rẹ̀ ló sì ní dandan ni. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní 2009. Ní 2014, àkọ́bí, ẹnjiníà tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ojú, mú wọn wá sí ilé rẹ̀ kí wọ́n lè sinmi. Nígbà tó ń palẹ̀ yàrá àtijọ́ mọ́, ó rí agolo àti páálí ńlá méjì, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ọkọ̀ akólẹ̀. Agolo bàbá wa wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìgékù tí wọ́n gé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn. Ìyá wa béèrè pé, “Ẹrù mi dà?” Ó dáhùn pé, “Màmá, ìdọ̀tí mà ni.” Wọn ò jà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ìdì ìwé funfun tuntun wá, ìwé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Wọ́n ní, “O ṣé, bàbá mi,” wọ́n sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìtú u.

Ọdún mẹ́wàá ni ìdì náà fi wà níbẹ̀. Ìyá wa ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo bísíkíìtì àwọn ọmọ-ọmọ jọ, wọ́n ń ṣe káàdì, wọ́n ń bá àkọ́bí ṣeré, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Àwa tó kù mọ̀ pé nǹkan kan wà nílẹ̀. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é kí wọ́n bá a wí, wọ́n kọ̀. Àkọ́bí náà ò jẹ́ gbàgbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í kọjá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé ikú ni yóò parí ọ̀rọ̀ yìí fún wọn.

Nígbà tí àìsàn dé ní ọdún yìí, àkọ́bí jókòó sórí àga kékeré náà, tó bá wọn wá sí ilé rẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé kan, òun, páálí oògùn ìyá rẹ̀ àti sísọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni o! Gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbà wá láyè kí a tẹ ohun tó kọ: “Màmá, mo da iṣẹ́ yín àti ti bàbá nù, mo sì pè é ní ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.” Ìyá wa gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n kà á, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀. Wọ́n ní, “O gé e wọ́.” Wọ́n wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n sì ní, “Ẹ tú ìdì yẹn wàyí. Òun ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀wé òkú mi, ẹ ò gbọdọ̀ ra òmíràn.”

Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn náà, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n sinmi ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Káàdì wíwọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn nínú pósí.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tó ń kọ ìtàn yìí fún ẹbí, àti abúrò wa tí ń ṣe búrẹ́dì, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àtọmọdọ́mọ mẹ́ta tí wọ́n ti mọ sísọ́ọ̀sì-ín dì mú.

Bí ẹ bá rí i pé etí ìwé ọwọ́ yín ti pọ́n díẹ̀, ẹ má bá atẹ̀wé jà. Ọdún mẹ́wàá ló lò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìgékù rẹ̀ la kó sínú páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá ń jáde lọ, tí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ jẹ ní gbólóhùn kan, ẹ mú tiyín níbẹ̀. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni kó bá yín kọ ọ́.

Ìyá Oníkáàdì, ẹ sùn re. Ilẹ̀ á rọ̀ yín lọ́rùn. A ò da nǹkan kan nù.