Ipele Kìíní Tí Wọ́n Fún Mi Níbi Ìfàjẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ọkọ̀ tó ń gbé ọ lọ tó sì ń gbé ọ bọ̀. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Àlàáfíà ni a wà, àyàfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń sọ fún un bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ìtọrẹ wá sí ilé ìwé wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi káfíńtà sì lọ. Bí wọ́n ṣe fa tèmi tán ni òòyì kọ́ mi, nọ́ọ̀sì kan di méjì lójú mi, mo sì ké. Wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, nígbà tó yá ara mi balẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà, tó ń kọ bí ìfàjẹ̀ ṣe ṣe oníkálukú sílẹ̀, ní ipele kìíní ni tèmi. Inú mi dùn, n kò gba ipò kìíní rí láyé mi. Àṣé bí ìṣòro èèyàn bá ṣe le tó ni nọ́ńbà ń ga tó.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi díẹ̀ kún un, mo ní ṣebí ó gbọ́ igbe mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní igbe kọ́ ni àwọn ń wọ̀n. Ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ láìgba ìtọ́jú dókítà, ìkíní ni. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró sí ọsibítù, ìkẹta ni, ẹni yòówù kó jẹ́, nọ́ọ̀sì yòówù kó wà níbẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá ń fi àánú wọ̀n, tí èkejì ń fi ìkanra wọ̀n, àwọn kò ní mọ ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn gan-an débi tí àwọn yóò fi dènà rẹ̀.

Ní ti káfíńtà, ó kọ̀, kò sinmi lẹ́yìn tí wọ́n fa tirẹ̀, ó ní pákó ń dúró de òun. Ẹnu géètì ló ṣubú sí gbì, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo gbọ́ pé ìkẹta ni wọ́n fún un, ó dùn mí, ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà la jọ fi sílẹ̀. Síbẹ̀ mo dé fìlà, mo lọ kí i kú oríire.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kán, wọ́n fi nǹkan funfun bíi sìmẹ́ńtì dì í, ìyàwó rẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Apá tó fi ń gé pákó ni. Mo ṣí fìlà, mo kí i kú ewu dípò kú oríire. Ó bi mí pé mélòó ni wọ́n fún mi, mo ní ení péré. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, má tọrọ àlékún.”

Ó ti wálé báyìí. Òun ń fẹnu júwe, èmi ń gé pákó wọ́gọwọ̀gọ, a ò sì jà.

Fóònù mi jíṣẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ran ìyá ọlọ́mọ tuntun kan lọ́wọ́. Mo fèsì pé bí ìyá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, kí ọkọ rẹ̀ má bínú, ọ̀dọ̀ mi ló ti mú un.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ayùn, mo ti ba ti káfíńtà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò ní ṣòfò, ọmọ mi. Èyí tí o bá fínnúfíndọ̀ fún èèyàn nìkan ni yóò máa jáde lára rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.