Àlejò Tó Mu Omi Nínú Ife Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ ní ìdúró. Ẹdun wọlé wa! Ẹdun gidi, dúdú minimini, ìrù rẹ̀ funfun báláú. Ní Abobo níbí, ní Kódìfúà, nínú yàrá tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí. Rárá o, kì í ṣe ọ̀bọ lásán. Àwọn àgbà àdúgbò pàápàá ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn nínú igbó Banco. Ta ló fi ọ̀nà hàn án? Gbogbo ilé tó wà láti etí igbó títí dé ọ̀dọ̀ wa, kò yà síbì kankan, àfi ilé ọmọ yín, ọmọ Kẹ́hìndé!

Mo ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ tí bútà àlùwàlá yín dojú dé. Mo sáré wọlé, ojú èmi àti ẹdun sì ṣe mẹ́rin. Ó ti gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wò mí bí ẹni pé òun ni onílé, èmi ni mo wá yá nǹkan. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin yín ní Ìgbòho, nígbà tí ìbọn ń dún ní Abobo, tí sójà dí ọ̀nà, tí n kò lè wá bu erùpẹ̀ sí sàréè yín.

Ẹ rántí bí ẹ ti máa ń ṣe níbi àsè? Kí ẹ tó jókòó ti oúnjẹ, ẹ ó ti ṣí ìdérí, ẹ ó gbóòórùn, ẹ ó bèèrè irú ẹran tó wà nínú ọbẹ̀. Wọ́n á ní Alàájì ti di kọ́sítọ́ọ̀mù ìkòkò. Ẹ̀yin á ní ìbejì ni wọ́n bí yín, ẹdun sì ni ẹbí ìbejì, ẹnìkan kì í fi ẹbí rẹ̀ jẹun. Èmi náà kò fi kan ẹnu rí, nítorí yín ni.

Ariwo mi ló kó gbogbo àgbàlá jọ. Séry, awakọ̀ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú yìí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, gbé àdá dé. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ náà kò burú, ọ̀fun rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

«Tantie, yà fún mi, ọbẹ̀ kédjénou wa ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá!»

Obìnrin kan ti ń gé àlùbọ́sà, ẹ gbà mí! Inú bí mi. Mo na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

«Séry, ẹbí bàbá mi ni. Bí o bá pa á, bàbá mi lo pa.»

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rín, Mémé Akissi, ìyá àgbà Baoulé tó ń ta atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, lẹ́nu géètì wa. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

«Ó ní ẹbí òun ni. Bí ó bá jẹ́ ẹbí rẹ̀, a jẹ́ pé àlejò àgbàlá yìí ni. Ẹ ti fún un lómi?»

Ẹ gbé ìlú yìí pẹ́ jù mí lọ, ẹ mọ àṣà wọn. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àlejò, ẹni tó bá sì ti mu omi wọn, wọn kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Séry kùn títí, ó wá ní ó dáa, bí ó bá mu ún, òun á ju àdá sílẹ̀. Bí kò bá mu ún, ìkòkò ló ń lọ.

Mo bu omi sínú ife tánganran yín, èyí tó ní òdòdó pupa lára. Mo gbé e sórí àga yín, mo sì fà sẹ́yìn. Mo pè é ní Ẹdúnjọbí, mo kí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí a ti ń kí yín láàárọ̀. Jọ̀ọ́, mu ún, mo ní, jọ̀ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ife, ó wo Séry, ó tún wo ife. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lá ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó ki ẹnu bọ inú ife, ó sì mu!

Ẹ ẹ̀ bá gbọ́ ariwo! Ẹ ó rò pé Kódìfúà ló gbá góòlù sáwọ̀n. Séry alára ń pàtẹ́wọ́, àdá ti wà nílẹ̀.

Mo rò pé ó parí, ṣùgbọ́n Mémé Akissi kò fẹ́ kí a fi àṣà sílẹ̀ láàbọ̀. Lẹ́yìn omi, ìròyìn ló kù. Ó kọjú sí ẹdun, ó bèèrè ìròyìn ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

«Ìwọ ni ẹbí rẹ̀. Gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.»

Mo fẹ́ sọ pé ayọ̀ ló bá wá, kí n sì dákẹ́. Kí ló ṣe mí? Mo ní ó kí gbogbo àgbàlá. Mo ní kò sí ìròyìn burúkú. Mo ní òun ì bá ti wá tipẹ́, sójà ló dí ọ̀nà, òun sì gbọ́ pé ọmọ òun náà fẹ́ wá, ọ̀nà ló dí mọ́ ọn. Faransé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó débí yìí, Yorùbá ló ń jáde. Mo ní òun kò bínú. Kí ọmọ náà nu ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, síbẹ̀ Séry ṣí fìlà rẹ̀.

Ẹdun gba ojú fèrèsé bọ́ sórí páànù, ó gba orí igi máńgòrò kọjá lọ sọ́nà igbó, ìrù funfun yẹn ni mo rí kẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Àmọ́ n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo sọ gbogbo rẹ̀. Ṣé mo purọ́ mọ́ yín ni?

Mo ti tún omi bù sínú ife yín, ó wà lórí àga. Bí mo bá purọ́, ẹ wá bá mi wí. Bí n kò bá purọ́, ẹ kàn wá mu ún.

Èmi ni, ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín,
agbẹnusọ yín ní Abobo.