Ìkùukùu Kò Jẹ́rìí Gbè Mí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà. Ó ti rẹ̀ mí, ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé sí yín. Inú yàrá kan tí mo háyà ní Yaba ni mo ṣì wà. Ara Màámi le ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ yín háyà fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé áyọ́ọ̀nù yín.

Ẹ ò dúró gbọ́ iṣẹ́ tí mo wá ń ṣe ní yunifásítì. Ìtànṣán kan wà, Bàbá, tí a kì í fojú rí. Ibi tó jìnnà ju oòrùn lọ ló ti ń bọ̀, ó sì ń rọ̀ lé wa lórí tọ̀sán tòru. Àwọn onímọ̀ kan ní ó lọ́wọ́ nínú bí ìkùukùu ṣe ń ṣú. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà míì, ìtànṣán yìí máa ń ṣàdédé dín kù fún ọjọ́ mélòó kan. Mo kó irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jọ, mo wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, bóyá ìkùukùu náà dín kù.

Ó dín kù, Bàbá! Mo pariwo débi pé aládùúgbò mi wá kanlẹ̀kùn. Ọ̀gá tó ń tọ́ iṣẹ́ mi sọ́nà, màmá kan tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní èmi ni màá lọ sọ ọ́ níbi àpérò kan lókè òkun. Mo ra kóòtù òtútù nínú ọ̀kírìkà ní Tejúoṣó.

Kí n tó lọ, mo ní kí n tún un dán wò. Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké mú àwọn ọjọ́ lásán, tí ìtànṣán ò dín kù rárá. Ó ṣe é léraléra. Ìkùukùu àwọn ọjọ́ lásán náà ń dín kù bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Ìkùukùu òní kúkú máa ń jọ ti àná. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀, á ṣì máa lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ohun tí mo pè ní ẹ̀rí lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán.

Mo rántí yín. Ẹ máa ń ní òjò ń dúró dìgbà tí ẹ bá sá aṣọ funfun kó tó rọ̀. Ọjọ́ tó bá rọ̀, ẹ ó rojọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn tí funfun gbẹ dáadáa, ẹ ò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ gbà á gbọ́ lóòótọ́ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín?

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣe ìwádìí ní, "Sọ èyí tó o kọ́kọ́ rí, jàre. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Físà ti jáde o!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá mi.

"Ẹ̀rí yẹn ò dúró mọ́, mà. Ọjọ́ lásán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "O mọ̀ pé ẹlòmíì ni yóò lọ?"

"Mo mọ̀, mà."

"Jókòó. Fi hàn mí."

A jọ tún un ṣe títí. Bákan náà ni. Ẹlòmíì ló lọ.

Nígbà tí mo wá dúró níwájú àwọn tó yẹ iṣẹ́ mi wò, àgbà kan bi mí pé, "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí lo wá rí?"

Mo ní, "Mo rí i pé a ò tíì lè sọ, sà."

Bàbá, mo rò pé ó ti parí fún mi. Baba náà mi orí, wọ́n ní, "Ẹni tó bá mọ èyí ló yẹ ká fún lóyè." Wọ́n fún mi. Mo jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà, mo sunkún, mi ò sì mọ ohun tí mo ń sunkún sí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Dókítà ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ìgbàkúùgbà tí ẹnì kan bá pè é, mo máa ń wẹ̀yìn wò, bóyá ẹ gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti rẹ̀, tí ìfẹ́ yín ò rẹ̀.