Ìgbín Òkúta Tí Màmá Fọ̀

Bọ̀dá Gideon mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ti ń san díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwádìí yín. Ẹ kọ ọ́ pé ìgbín òkun àtijọ́ tó ti di òkúta, tí a hú jáde nínú kànga wa ní Igbodigo, jẹ́ ẹ̀yà tuntun torí pé ara rẹ̀ dán, kò nílà. Ó nílà, Bọ̀dá! Màmá ló rẹ ẹ́ sómi ọsàn wẹ́wẹ́ bí ìgbín ọbẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́, ọsàn sì jẹ ìlà náà tán. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ẹyọ kan ló kù tí wọn ò tíì fọ̀. Ọlọ́run ò ní dójú tì yín, àmọ́ ẹ tètè pe Màmá. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ìdọ̀tí ránṣẹ́ sọ́mọ àwọn. Wọ́n ti ń gé ọsàn.

Àbúrò yín,
Ọmọ́wùmí