Mo Ti Fa Ọwọ́ Alùpùpù Yín Sọ́dọ̀ Mi

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yìn odi. Ìyá yín ní kí n kí yín; orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Eyín iwájú àbíkẹ́yìn wa ti ká, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi gan-an rèé: mo ti fa ọwọ́ alùpùpù yín sọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn.

Láti ìgbà tí mo ti ń fi alùpùpù náà kó búrẹ́dì tí mò ń tà kiri ni ẹ̀yìn ti ń ro mí bí ẹni tí wọ́n nà. Ìyá yín ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, kí n jáwọ́. Mẹkáníìkì ní kí n gùn ún kí òun wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, ẹ̀yìn yín kọ́ ló ń ṣàìsàn. Apá ọkọ yín ni wọ́n fi wọn ọwọ́ alùpùpù yìí."

Òótọ́ ni. Apá yín gùn bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já èso. Kí tèmi tó tó o, àfi kí n dọ̀bálẹ̀ lé táǹkì epo bí ẹni tó ń kí àna. Mẹkáníìkì ń bẹ̀rù yín, kò fẹ́ tú u. Mo gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú u, mo gbé e sókè, mo fà á mọ́ra, mo sì dè é pinpin. Láti ọjọ́ náà, mo ń jókòó lórí rẹ̀ bí ọba, ẹ̀yìn ò ro mí mọ́.

Ẹ má kọ̀wé pé kí n dá a padà. N kò ní dá a padà. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ìwọ̀n ọwọ́ tèmi o! Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀. Èmi ni màá wá gbé yín ní ibùdókọ̀. Ẹ̀yìn lẹ máa jókòó sí.

Èmi ni,
Ìyàwó yín